Níbo ni orúkọ Crowther ti ṣẹ̀ wá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Gbogbo wa la mọ̀ pé Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn lọ́dún 1821 ni ó di Samuel Crowther nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Orúkọ òyìnbó yẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí ẹnì kan sọ fún mi pé ẹyẹ kannakánná ni ó ti wá. Ṣé òótọ́ ni?

Akọ́mọlédè:
Rárá o, kannakánná kò sí níbẹ̀. Orúkọ iṣẹ́ ni, bí Àyàn ti máa ń wà nínú orúkọ àwọn ọmọ onílù wa. Ohun èlò orin olókùn kan wà láyé àtijọ́ tí àwọn ará Wales ń pè ní crwth, tí ó sì di crouth tàbí crowd lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọrun ni wọ́n fi ń ha okùn rẹ̀ kí ó tó dún, bíi ti gòjé, àfi pé okùn mẹ́fà ni tirẹ̀. Ẹni tí ó ń fi í jẹun ni crowther. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jogún orúkọ bàbá wọn lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ará Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, orúkọ iṣẹ́ náà lẹ̀ mọ́ ìdílé, kódà mọ́ àwọn tí kò fọwọ́ kan okùn rí. Ọmọ ìyá ni òun àti Crowder.

Ará Huddersfield:
Ẹ ṣeun, Akọ́mọlédè. Agbègbè tí mò ń gbé yìí, ní ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, ni orúkọ náà fìdí múlẹ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n Àjàyí kò bá wọn tan rárá: àlùfáà kan tí ó ń jẹ́ Samuel Crowther, ti ìjọ Christ Church ní Newgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, nítorí àṣà àwọn míṣọ́nnárì ni láti fi orúkọ àwọn alátìlẹ́yìn wọn sọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú.

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Mo dúpẹ́ gan-an. Àjàyí tí ó mú tọ̀run wá ni tirẹ̀ nígbà náà, wọ́n kàn yá a ní ti onígòjé ni. Ṣé ohun èlò náà ṣì wà?

Akọ́mọlédè:
Fayolíìnì ti gba ipò rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan tí wọ́n gbẹ́ lọ́dún 1742 wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé St Fagans ní Wales.