Wáìnì wo ló yẹ kí n gbé ti àsun?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Adelaide ní gúúsù Ọsirélíà ni mò ń gbé. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun nílé wa ní Sátidé. Àsun ni mo fẹ́ ṣe, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé kí n má dín ata kù. Wáìnì ni wọ́n máa ń mu. Èmi ò mọ̀ ju pé ó pupa tàbí ó funfun lọ.

Mo kọ́kọ́ ra Shiraz, wáìnì pupa kan láti agbègbè Barossa, torí kò jìnnà sí wa. Ó dúdú bíi zobo tó ki, òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti iyèré. Òun nìkan, ó dùn. Àmọ́ bí mo ṣe fi le àsun, ńṣe ni ẹnu mi gbiná! Mo wo ara ìgò: ọtí inú rẹ̀ tó 14.5%. Mo bá bọ́ sórí Riesling, wáìnì funfun kan láti agbègbè Clare Valley, tó tutù dáadáa. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó bá ẹja díndín mu gan-an (ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìgò mì), ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ kò bá àsun lọ.

Ẹni tó ń ta wáìnì ní kí n mú Riesling tó ní adùn ṣúgà díẹ̀. Ẹlòmíràn ní Grenache, wáìnì pupa kan láti agbègbè McLaren Vale, kí n kì í bọ fíríìjì fún ìṣẹ́jú 20.

Èwo ni kí n rà nínú méjèèjì? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.