Àwọn wo ni wọ́n wà lẹ́yìn Muddy Waters ní Newport lọ́dún 1960?

Ará Kubwa:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Àwa mélòó kan tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Kubwa níbí máa ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú láti gbọ́ orin àtijọ́, láti orí Haruna Ishola títí dé orí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa gbé fọ́nrán eré blues (orin àròdùn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà) tí Muddy Waters, olórin àti onígìtá, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe níbi àjọ̀dún orin jazz ti Newport, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1960 wá, a sì wò ó ní àwòtúnwò títí iná fi lọ. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ ọ̀gá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè pé ta ni ó ń tẹ dùùrù, ta sì ni ó ń fọn háámóníkà, ńṣe ni kálukú ń wo ẹnu ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ìtàn eré yìí, ẹ jọ̀wọ́, àwọn wo ni wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi kún un tí ó fi dùn tó bẹ́ẹ̀, ibo sì ni ayé gbé wọn gbà lẹ́yìn rẹ̀? Ní tèmi, mo gbà pé bí a bá yọ atẹdùùrù yẹn kúrò, eré náà yóò túká, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Gwarinpa sọ fún mi pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Bàbá Kàdúná:

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ní Kàdúná ni mo kọ́kọ́ rí eré yìí, nínú sinimá tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi hàn wá. Àjọ ìròyìn ìjọba wọn, tí a mọ̀ sí USIS lọ́dọ̀ tiwa, ni ó ya fọ́nrán náà, àwa ará òkèèrè gan-an ni wọ́n sì yà á fún.

Kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí o mọ irú ọjọ́ tí ó jẹ́. Ní alẹ́ Sátidé tí ó ṣáájú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tí wọn kò rí ààyè wọlé, tí ọtí sì ti ń pa, dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní ìgboro Newport, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sí wọn, wọ́n sì ní láti ké sí àwọn ọmọ ogun. Ìgbìmọ̀ ìlú bínú, wọ́n fagi lé ìyókù àjọ̀dún náà, àfi ètò blues ti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà ni Muddy gun orí ìtàgé, níwájú àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ̀ pé àjọ̀dún ti fẹ́ kógbá wọlé. Bí o bá wo fọ́nrán yẹn láìmọ èyí, wàá rò pé ọjọ́ ìgbádùn lásán ni.

Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyí: Otis Spann ni ó tẹ dùùrù, James Cotton fọn háámóníkà, Pat Hare ta gìtá, Andrew Stephens ta gìtá béèsì, Francis Clay sì lu ìlù. Nípa Spann, èmi náà wà lẹ́yìn rẹ. Ọmọ ìpínlẹ̀ Mississippi ni, bíi ti ọ̀gá rẹ̀. Òun ni ó bá Muddy lọ sí England lọ́dún 1958, nígbà tí gìtá oníná Muddy kọ́kọ́ ń dún létí àwọn òyìnbó bí ariwo ọjà. Tẹ́tí sí i bí Muddy bá ti parí ẹsẹ orin kan: ọwọ́ ọ̀tún Spann á ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, á máa fi ìka méjì gbọn ohùn kan náà lókè lọ́hùn-ún, nígbà tí ọwọ́ òsì kò kúrò ní ìsàlẹ̀ rárá. Kì í dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn kí ó tó dákẹ́, kì í sì í pẹ́ kí ó tó dá a lóhùn.

Nígbà tí ètò ọjọ́ náà fẹ́ parí, akéwì Langston Hughes, tí ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atọ́kùn, kọ orin ìdágbére kan fún Newport sí ẹ̀yìn ìwé tẹligíráàmù, Spann ni ó sì kọ ọ́ síta, kì í ṣe Muddy. Hughes yìí kan náà ni ó wá sí Èkó ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, nígbà tí wọ́n fi Azikiwe jẹ Gómìnà Àgbà. Spann kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1970. Ohun tí ó máa ń dùn mí ni pé ibojì rẹ̀ wà láìní òkúta orúkọ títí di ọdún 1999, kí àwọn olólùfẹ́ blues tó dáwó jọ láti ṣe é.

Onígìtá Jos:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá wa. N kò bá yín jiyàn lórí Spann, ṣùgbọ́n ẹ ti Pat Hare sẹ́yìn jù. Púpọ̀ nínú gìtá tí ẹ ń gbọ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti wá, nítorí orin kíkọ ni Muddy gbájú mọ́. Àwa tí a ń ta gìtá mọ Hare láti inú ohun tí ó ti ṣe ní Memphis lọ́dún 1954, nígbà tí ó bá Cotton gba orin sílẹ̀: ó yí ẹ̀rọ agbóhùnsókè rẹ̀ sókè títí ohùn gìtá náà fi há, tí ó ń kùn bí ẹni tí inú ń bí, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń sá fún irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ní Newport, ó rọ ọ́ lójú. Ó mọ̀ pé dùùrù àti háámóníkà ti gba àárín, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: gìtá tí Muddy gbé dání nínú àwòrán iwájú àwo orin tí wọ́n ṣe láti inú eré náà kì í ṣe tirẹ̀, ti John Lee Hooker ni, ẹni tí òun náà ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ìparí ayé Hare kò dára. Ó pa obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, ó pa ọlọ́pàá kan mọ́ ọn ní Minneapolis, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbére, inú ẹ̀wọ̀n náà ni ó sì kú sí lọ́dún 1980. Mo fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ lórí gìtá, n kò sì ní àwáwí kankan láti ṣe fún un.

Ìyá Ìbejì, Sabon Gari, Kano:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n. Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tí ó mẹ́nu ba ohun tí ojú wa rí. Nígbà tí wọ́n dé orí orin tí ọkùnrin kan fi ń ṣe fáàrí pé oògùn òun ń ṣiṣẹ́ lára gbogbo ènìyàn àfi lára obìnrin tí òun fẹ́, Muddy fi gbohùngbohùn sílẹ̀, ó fa James Cotton mọ́ra, àwọn méjèèjì sì ń jó yípo lórí ìtàgé bí ọkọ àti ìyàwó lójú agbo. Àwọn èrò kò jẹ́ kí wọ́n lọ, wọ́n ní láti tún orin náà gbé. (Ẹ̀yìn obìnrin inú orin náà ni mo wà, ó ṣe dáadáa.)

Cotton ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà náà ni. Oko ní Tunica, Mississippi, ni wọ́n ti bí i, ọ̀dọ̀ Sonny Boy Williamson, àgbà afọnháámóníkà, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ láti kékeré, ọdún 1954 ni ó sì wọ ẹgbẹ́ Muddy. Ó jáde lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń ṣeré títí di ọjọ́ alẹ́. Oṣù Kẹta ọdún 2017 ni ó kú, lẹ́ni ọdún 81.

Onílù Gwarinpa:

Èmi ni ọ̀rẹ́ tí Ará Kubwa fi sùn yín, n kò sì yí ohùn mi padà. Orin tí Màmá ń sọ yẹn gan-an ni ẹ̀rí mi. Àwọn eléré jazz ni Francis Clay ti bá ṣiṣẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Muddy, ó sì hàn nínú ìlù rẹ̀: kò kàn ń gbá a lọ gbọnrangandan, ó ń pín in sí wẹ́wẹ́ lórí ìlù kékeré, ó ń sáré lábẹ́ orin tí òun fúnra rẹ̀ kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ìlù yẹn ni ó gbé Muddy lẹ́sẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Orúkọ Fela ni gbogbo ayé ń pè, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí Tony Allen ṣe? Nígbà tí Cotton ń dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Clay yìí náà ni ó tún pè. Ọdún 2008 ni ó kú, ní San Francisco.

Ará Kubwa:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín, pàápàá lọ́wọ́ Bàbá Kàdúná. Onílù, mo gbà fún ọ lórí orin oníjó yẹn, ìlù ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n lọ sí orí orin tí Willie Dixon, ẹni tí ó máa ń kọ orin blues sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, kọ fún Muddy, tí gbogbo ẹgbẹ́ á jọ kan ohùn lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á sì dákẹ́ kí Muddy sọ̀rọ̀. Clay ń dúró níbẹ̀ bíi ti àwọn yòókù ni, àmọ́ bí wọ́n bá ti wọ inú ègbè, Spann ni ẹ ó gbọ́ tí ó ń dí gbogbo àlàfo. Gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńlá rẹ yẹn dání lọ́jọ́ Àìkú, a ó gbọ́ méjèèjì ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kí àwọn tí wọ́n bá wà níjòókòó dájọ́.