Ṣé "òṣùwọ̀n ìbẹ̀rù" ló yẹ ká máa pe VIX?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i tí wọ́n dábàá pé ká máa pe VIX, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe rò pé ọjà ṣíà (ìpín nínú ilé iṣẹ́) Amẹ́ríkà máa lọ sókè sódò tó, ní "òṣùwọ̀n ìbẹ̀rù", ọ̀pọ̀ sì ti ń ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìnagijẹ nìyẹn jàre, orúkọ rẹ̀ gangan kọ́.

Cboe, ọjà tí wọ́n ti ń ra ọ́páṣọ̀n ní Chicago, ló gbé e jáde lọ́dún 1993, látọdún 2003 orí S&P 500, ìyẹn atọ́ka ṣíà nǹkan bí 500 ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń gbé e kà. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Owó táwọn èèyàn ń san lórí ọ́páṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti rà tàbí láti tà ní iye tí wọ́n ti dá sílẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣírò bí ọjà ṣe máa fì tó láàárín 30 ọjọ́ tó ń bọ̀. Tó bá wà ní 20, ti odindi ọdún nìyẹn, ẹ fà á wá sí oṣù kan ẹ máa rí nǹkan bí 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún, sókè tàbí sísàlẹ̀ o! Ta wá ni ẹ̀rù pé owó òun ń lé sí i ń bà?

Lóòótọ́, ìgbà tí ọjà bá ń já wálẹ̀ ló sábà máa ń fò, torí gbogbo èèyàn á máa du ẹ̀tọ́ àtità kí wọ́n lè fi dáàbò bo owó wọn, bó ṣe parí sí 82.69 ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta 2020 nígbà Kòrónà nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ 5 oṣù kejì 2018, nǹkan bíi 17 ló wà tẹ́lẹ̀, kílẹ̀ tó ṣú ó ti kọjá 37. Ẹni tá a bá ti sọ fún pé ìbẹ̀rù là ń wọ̀n, tó bá ti rí nọ́ńbà kékeré á ní kò séwu, á sì kówó ẹ̀ lé e.

Èmi á ní "atọ́ka ìfì ọjà". Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní fì ni kí nǹkan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi kẹ́rù fì lórí, ṣùgbọ́n ṣebí a tún máa ń ní igi ń fì síwá fì sẹ́yìn?

Ọ̀rọ̀ "sentiment", ìyẹn ojú táwọn olùdókòwò fi ń wo ọjà, wá ńkọ́. "Ìmọ̀lára" tí wọ́n ń lò yẹn, bí ọ̀rọ̀ dókítà ló ń dún létí mi. AAII, ẹgbẹ́ àwọn olùdókòwò aládàáni ní Amẹ́ríkà, ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ látọdún 1987 bóyá ṣíà á gòkè, á dúró, àbí á wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká pè é ní "èrò ọkàn olùdókòwò". Ti ká fi iye ẹ̀tọ́ àtirà pín iye ẹ̀tọ́ àtità, tó jẹ́ pé tó bá ti ju 1 lọ àwọn tó ń ra ààbò ló pọ̀ jù, owó ni wọ́n fi ń sọ tiẹ̀, "ìṣesí olùdókòwò" nìyẹn. Ẹnu àti owó kì í sábà sọ nǹkan kan náà, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

"Ọ́páṣọ̀n" gan-an ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, ta ló ní ọ̀rọ̀ tó dáa jù ú lọ?