Aago mẹ́jọ Àjàṣẹ́ di mẹ́fà nínú PostgreSQL

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà epo pupa ìyá mi níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nínú PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Mo tẹ '2024-05-06 08:00+01' wọlé, mo sì ti kọ SET TIME ZONE 'UTC+1' kí ó lè fi aago ìlú wa hàn (UTC ni aago àjùmọ̀lò àgbáyé). Aago mẹ́fà ló ń fi hàn! Gbèsè oníbàárà wà níbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀.

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, àmì yẹn ló dorí kodò. +01 tó tẹ̀ lé aago, ìlà-oòrùn Greenwich, ibi tí a ti ń ka aago ayé, ni; aago mẹ́jọ yín jẹ́ méje UTC. Ṣùgbọ́n 'UTC+1' yẹn, ìlànà POSIX ti àwọn ètò kọ̀ǹpútà ni PostgreSQL fi ń kà á: ìwọ̀-oòrùn ni + níbẹ̀, ó sì yọ wákàtí kan kúrò nínú méje, ó di mẹ́fà. Ẹ kọ 'Africa/Porto-Novo' dípò rẹ̀.

Èsì: Orúkọ agbègbè aago Etc/GMT+1 náà bẹ́ẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ni + rẹ̀. Tó bá jẹ́ timestamptz (irú àyè ọjọ́ àti aago tó ń ka agbègbè aago mọ́ ọn) lẹ fi tọ́jú rẹ̀, UTC ló wà nípamọ́, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Olùbéèrè: Ó ti di mẹ́jọ! Ẹ ṣeun gan-an ni.