Ìdun fẹ́ pa mí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì

Bọ́ńkì_Ìsàlẹ̀: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà nínú yàrá wa, àmọ́ àwa mẹ́sàn-án là ń sùn síbẹ̀. Àwọn skwọ́tà, ìyẹn àwọn tí kò ní bẹ́ẹ̀dì, ń tẹ́ fóòmù títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lóru, orí èèyàn ló máa fò kọjá. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ìdun. Mo tan fóònù lóru àná, wọ́n tò sẹ́bàá ìránṣọ fóòmù mi bí ọmọ ilé ìwé tó tò fún àsẹ́ńbìlì. Ọ̀kan ti yó débi pé kò lè sá. Ìdánwò ń bọ̀, èmi ń họ ara nínú kíláàsì. Bọ̀ọ̀dá tó ni yàrá ní ká da ọ̀tápiápíà sí i, ká ti ilẹ̀kùn. Ṣé ká ṣe é?

Ẹ̀gbọ́n_Wọn: Ẹ má dán an wò! Ẹ̀yin náà lẹ máa fa májèlé yẹn símú. Ẹ rántí pé ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré Sniper, tó jẹ́ oògùn apakòkòrò bíi ti ọ̀tápiápíà yẹn. Omi híhó ni kẹ́ ẹ dà sí oríkèé irin bẹ́ẹ̀dì àti ihò bóòtù, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, torí ẹyin á ti pa. Fóòmù skwọ́tà náà gbọ́dọ̀ jáde síta o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, asán ni.

Nọ́ọ̀sì_Ọkùnrin: Àbúrò, ibo ló ń yún ẹ? Tó bá jẹ́ àárín ìka àti ọrùn ọwọ́, ó lè jẹ́ kúrúnà, kílíníìkì ni kó o gbà lọ. Àwa tá a gbé họ́ọ̀lù Mellanby ní Yunifásítì Ìbàdàn, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: Kenneth Mellanby tó ni orúkọ họ́ọ̀lù wa, iṣẹ́ ìwádìí kúrúnà ló ṣe ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ohun tó rí ni pé ara tó kan ara ló ń ràn án ju aṣọ ibùsùn lọ. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ sùn mọ́ra yẹn, ẹ ṣọ́ra.

Bọ́ńkì_Ìsàlẹ̀: Ẹ ṣé, sà. Apá àti ọrùn ni, ó sì tò tẹ̀lé ara wọn.

Nọ́ọ̀sì_Ọkùnrin: Ìdun nìyẹn.

Bọ́ńkì_Ìsàlẹ̀: Omi híhó wá ńkọ́? Pọ́tà ti gba sítóòfù oníná wa.

Ẹ̀gbọ́n_Wọn: Màmá alákàrà ò sí lẹ́yìn géètì yín ni? Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ bá wọn láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n bá yín sè é. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ra àkàrà o, kí wọ́n tó lé yín.