ECG ò rí nǹkan kan, àyà mi ṣì ń lù kì-kì-kì

Olùbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, àyà mi máa ń ṣàdédé sáré lóru. Wọ́n lẹ ECG, ẹ̀rọ tó ń ya iná ọkàn sórí ìwé, mọ́ mi láyà, wọ́n ní kò síṣòro. Ṣé ó lè fò ó ni?

Ìdáhùn 1: Ó lè fò ó dáadáa! Ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré ló sábà máa ń wò. Ẹ béèrè Holter, ECG kékeré tí ẹ ó gbé sára fún wákàtí 24 tàbí 48.

Ìdáhùn 2: Ohun tí ECG ń yà nìyí: inú sinus node, ibi kékeré kan lókè yàrá òkè apá ọ̀tún ọkàn, ni iná ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń dúró díẹ̀ ní AV node, ibi tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè sọ̀ kalẹ̀, kó tó tàn dé yàrá ìsàlẹ̀. QRS, ṣóńṣó gíga orí ìwé yẹn, nìyẹn.

Ìdáhùn 1: Bẹ́ ẹ bá dákú, ẹ má dúró de Holter o, ilé ìwòsàn ní kíá.

Olùbéèrè: Mi ò tíì dákú rí. Màá béèrè Holter.