Kí lojú yín ti rí nínú sítọ́ọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé? Ẹ̀yin alápáàdì, ẹ wá sọ tẹnu yín

Ìyá Rẹ́jísítà
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Gbogbo ayé ló mọ orí idẹ Ifẹ̀. Wọ́n á wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Àwa tá a wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé àpáàdì, ìdàrọ́, eérú àti egungun ẹran ni ojúgbà wa, kò sẹ́ni tó ń béèrè wa. Ẹ jẹ́ ká bára wa sọ ọ́.

Kí n bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tí mo dé ibi iṣẹ́, mo bá páálí kan lókè pẹpẹ, wọ́n kọ ORÍṢIRÍṢI sí i lára. Mo ṣí i. Páálí kékeré kan wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ORÍṢIRÍṢI MÌÍRÀN. Mo dè é padà, mo gbé e sókè. Ọdún méjì kọjá kí n tó tún fọwọ́ kàn án.

Àlàbí Àpáàdì
Kí ló wà nínú rẹ̀, Màmá?

Ìyá Rẹ́jísítà
Oríṣiríṣi.

Eku Sítọ́ọ̀
Ẹ̀rín pa mí o!

Ọmọ Ìdàrọ́
Tèmi ò pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Náílọ̀nù kan ni. Rẹ́jísítà ní "àpáàdì ìkòkò". Mo ń kà wọ́n lọ kí n lè mọ iye wọn, mo gbé ọ̀kan, inú rẹ̀ ń dán, bíi pé ẹnì kan da ṣúgà yíyọ́ sí i, ó dúdú bí aró. Ara mi bù máṣọ. Ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Igbó Olókun nílé Ifẹ̀ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Láti ìgbà tí Frobenius, onímọ̀ ará Jámánì, ti hú irú rẹ̀ níbẹ̀ ní 1910 làwọn onímọ̀ ti ń bára wọn jiyàn: ṣé àwọn baba wa ló po gíláàsì náà fúnra wọn, àbí gíláàsì òkèèrè ni wọ́n ń yọ́? Ìgbà tí wọ́n wá yẹ èròjà inú rẹ̀ wò, kò bá ti Yúróòpù mu, kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Ifẹ̀ ni wọ́n ti pò ó. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí wà nínú náílọ̀nù lọ́dọ̀ wa, à ń pè é ní àpáàdì. Ẹni tó kọ rẹ́jísítà ò kúkú purọ́. Amọ̀ ni, ó sì fọ́.

Olóyè Ìlẹ̀kẹ̀
Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé sẹ̀gi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe, wọ́n ń hú u nílẹ̀ ni.

Ọmọ Ìdàrọ́
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ń hú u. Àwọn tó ṣe é ló ti kú.

Kọ́pàTẹ́lẹ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ó ti pẹ́.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ni wọ́n rán mi lọ sìnrú ìlú. Accounting ni mo kà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gá ní kí n lọ tún sítọ́ọ̀ kẹta ṣe, pé ó rí jákujàku. Òótọ́ sì ni. Páálí mọ́kànlá, náílọ̀nù kún inú wọn, àpáàdì kún inú náílọ̀nù. Nínú náílọ̀nù kọ̀ọ̀kan, bébà kékeré kan wà tí wọ́n kọ nǹkan bíi "Kòtò B, ìpele 5" sí. Èkúté ti ń jẹ díẹ̀ lára wọn. Mo ní ẹ jẹ́ n tún un ṣe, kí n fi hàn wọ́n pé mo wúlò.

Mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo fọ̀ wọ́n. Mo sá wọn. Mo wá tò wọ́n bí wọ́n ṣe jọra: pupa sọ́dọ̀ pupa, dúdú sọ́dọ̀ dúdú, èyí tó ní ọnà lára lọ́tọ̀, èyí tó nípọn lọ́tọ̀. Páálí mọ́kànlá di mẹ́rin. Àwọn bébà yẹn, mo kó gbogbo wọn sínú àpòòwé kan ṣoṣo kí wọ́n má baà sọnù. Mo lọ pe ọ̀gá. Mo dúró síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mò ń retí ẹ kú iṣẹ́.

Ọ̀gá wo páálí àkọ́kọ́. Wọ́n wo ìkejì. Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Eku Sítọ́ọ̀
Yéè.

Màmá Páálí
Mo dìde lórí àga tí mo jókòó sí.

Awalẹ̀
"Kí wọ́n má baà sọnù." Olúwa ò!

Akẹ́kọ̀ọ́ Gbáko
Ó FỌ̀ WỌ́N???

Àlàbí Àpáàdì
Fífọ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ o. Gbogbo wa la ń fọ àpáàdì. Ohun tó ṣe sí àwọn bébà yẹn ni kí ẹ sunkún lé lórí. Àwọn ló ń sọ ibi tí wọ́n ti hú àpáàdì kọ̀ọ̀kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gbáko
Ẹ̀gbọ́n, gbogbo yín lẹ̀ ń fọ̀ ọ́, àwa ò fọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n rí ìda oyin nínú ìkòkò àwọn ará Nok, àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ní àárín gbùngbùn Nàìjíríà, ìkòkò tó ti tó 3,500 ọdún, ní 2021 ni wọ́n tẹ ìwádìí yẹn jáde. Ká ní wọ́n ti fọ gbogbo ẹ̀ ńkọ́?

Àlàbí Àpáàdì
Àbúrò, wo inú ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Inú amọ̀ gan-an lọ̀rá ń mu lọ, omi lásán kì í wọ́ ọ jáde. Ohun tí omi ń kó lọ ni èèpá dúdú tó gbẹ mọ́ inú ìkòkò, àti iyẹ̀pẹ̀ tó lè sọ ibi tí wọ́n ti hú u. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré, mo gbà. Ṣùgbọ́n omi lásán ò pa á run.

Kọ́pàTẹ́lẹ̀
Ọṣẹ ìfọṣọ ni mo lò. Èyí tó ń hó gan-an.

Àlàbí Àpáàdì
Mo ti dákẹ́.

Bàbá Pẹpẹ
Ẹ fọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ọ̀gá tó rán an níṣẹ́ tí kò bá a wọlé ló jẹ̀bi. Ẹ gbé sítọ́ọ̀ fún ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àpáàdì àti àwo tó fọ́ ní ilé ìdáná, ẹ ní kó "tún un ṣe". Kí lẹ rò pé ó máa ṣe?

Awalẹ̀
Accounting ló kà o, Bàbá. Bí ẹnì kan bá kó gbogbo risíìtì ilé iṣẹ́ kan jọ, tó wá ya èyí tó pupa sọ́tọ̀, tó ya èyí tó funfun sọ́tọ̀, kí ni wọ́n máa pè é?

Kọ́pàTẹ́lẹ̀
Ohun tí ọ̀gá sọ fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. "Risíìtì lo dàpọ̀ yẹn." Ọjọ́ yẹn ló tó yé mi. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Eku Sítọ́ọ̀
Lúwo ló fa gbogbo wàhálà yìí. Obìnrin kan ò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀, ó ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ gbogbo Ifẹ̀.

Olóyè Ìlẹ̀kẹ̀
Ọọ̀ni ni Lúwo, máa fọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Àpáàdì tó tẹ́ ṣì wà nílẹ̀ dòní. Ọ̀dà tí wọ́n tú lé títì wa lọ́dún tó kọjá dà?

Ìyá Rẹ́jísítà
Kọ́pàTẹ́lẹ̀, ọmọ mi, ṣé wọ́n rí ọ̀nà gbà ṣá?

Kọ́pàTẹ́lẹ̀
Díẹ̀, Màmá. Àwọn tó hú u láyé ìjọ́un ti fi tàdáwà kọ nọ́ńbà sára àwọn tó jẹ́ ẹnu ìkòkò àtàwọn tó ní ọnà. Ìyẹn rọrùn. Àwọn tó kù, ọ̀gá ní kí n máa wá èyí tó bá ara wọn mu lójú ibi tí wọ́n ti kán. Tí ọ̀kan bá ní nọ́ńbà, tí èkejì sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu, a jẹ́ pé ìkòkò kan náà ni. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi wà lórí tábìlì yẹn. Bóyá ìdá kan nínú mẹ́ta ló padà síbi tó ti wá.

Awalẹ̀
Ìkòkò kan náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìpele kan náà ńkọ́? Eku àti gbòǹgbò igi lè gbé ìdajì ìkòkò lọ sí ìpele mìíràn.

Kọ́pàTẹ́lẹ̀
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n simi.

Màmá Páálí
Ẹ̀yin náà, kí lẹ fi ń kọ nọ́ńbà sára àpáàdì lóde òní? Àwa, pólíìṣì èékánná tí kò láwọ̀ la ń fi sábẹ́ tàdáwà. Ó ń dán dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gbáko
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́! Ó máa pọ́n, ó máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, nọ́ńbà yín á sì bá a lọ. Paraloid B-72, oje ike kan tí kò láwọ̀, ni kí ẹ pò mọ́ acetone, omi tí wọ́n fi ń pa pólíìṣì èékánná rẹ́. Ẹ kùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kọ nọ́ńbà lé e, ẹ tún kùn ún lórí. Tó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ pa á rẹ́, acetone náà ló máa yọ ọ́.

Màmá Páálí
O ṣeun, ọmọ mi. Ta ló máa ra Paraloid? Pólíìṣì yẹn gan-an, àpò ara mi ni mo ti mú un wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gbáko
Màmá, mi ò ní èsì.

Bàbá Pẹpẹ
Èmi á sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹ bú mi tán. Àpáàdì tí kò ní àkọsílẹ̀ mọ́, ẹ kó o dànù. Ó ń gba ààyè. Àwọn ìkòkò tó ní ìtàn wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òjò ń rọ̀ sí wọn lára, àwọn aláìlórúkọ wà lórí pẹpẹ.

Ọmọ Ìdàrọ́
Háà, Bàbá! Ṣé ẹ gbàgbé agbárí Ìwó Elérú ni? 1965 ni wọ́n hú u lẹ́bàá Ìsàrun. Ìgbà tí wọ́n tún un wò, tí ìwádìí jáde ní 2011, wọ́n rí i pé ìrísí rẹ̀ ti ayé àtijọ́ ju bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe rí lọ. Ká ní ẹnì kan ti sọ pé "ó ń gba ààyè" ńkọ́?

Bàbá Pẹpẹ
Ìwọ lo gbè mí lẹ́yìn yẹn. Agbárí yẹn ní àkọsílẹ̀. Thurstan Shaw kọ ibi tó ti hú u, ó kọ ohun tó wà lókè rẹ̀ àti ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè padà sí i. Ti Kọ́pàTẹ́lẹ̀ yìí, kí ni wọ́n máa padà sí?

Olóyè Ìlẹ̀kẹ̀
Ihò Eléérú ni orúkọ ibẹ̀, kì í ṣe Ìwó Elérú. Ihò tó ní eérú. Wọ́n ṣì í kọ, ọ̀pọ̀ ìwé sì ṣì í kọ tẹ̀ lé e.

Ìyá Rẹ́jísítà
Ẹ ò rí i! Kódà orúkọ gan-an, lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti jábọ́.

Àlàbí Àpáàdì
Bàbá, ẹ má dà á nù. Ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n tò ó, kí ó já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò jẹ́ gbé èyí tó ní nọ́ńbà fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá láéláé.

Eku Sítọ́ọ̀
Ẹ̀yin ń jà lórí àpáàdì, orí Jema'a, orí amọ̀ àwọn ará Nok tó dé ọwọ́ awalẹ̀ Bernard Fagg láàárín àwọn ọdún 1940, wọ́n ti kọ́kọ́ fi dẹ́rù ba ẹyẹ lóko iṣu. Ó tó ọdún kan tó wà lórí igi nínú oko.

Màmá Páálí
Ẹyẹ wo ló ń jẹ iṣu?

Eku Sítọ́ọ̀
Màmá, ohun tí wọ́n kọ ni mo sọ.

Màmá Páálí
Mò ń bi ọ́ ni. Ẹyẹ wo?

Ọmọ Ìdàrọ́
Ó ṣiṣẹ́ dáadáa nìyẹn. Kò sẹ́yẹ tó jẹ iṣu.

Ìyá Rẹ́jísítà
Ọlọ́dẹ kan wà lọ́dọ̀ wa, bàbá àgbà. Kí wọ́n tó lọ sílé ní àárọ̀, wọ́n á gba sítọ́ọ̀ kọjá, wọ́n á máa kí àwọn páálí. "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà." Páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọwọ́ kàn án díẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ tó báyìí, èèyàn ò gbọdọ̀ kọjá lára rẹ̀ láìkí i. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Gbáko
Ìtàn ẹlẹ́mìí ti dé.

Ìyá Rẹ́jísítà
Dúró ná. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kí páálí kan ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, ọwọ́ wọn wọ inú rẹ̀ lọ. Ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tán. Àwa tá a kàwé ò rí i. A ní fọ́ọ̀mù tó yẹ ká máa kọ lóṣooṣù, a ti kọ gbogbo ẹ̀ pé "ó wà dáadáa" láti orí àga wa. Bàbá nìkan ló ń fọwọ́ kan nǹkan lójoojúmọ́. Láti ìgbà yẹn, èmi náà ń kí wọn.

Awalẹ̀
Mo jáwọ́. Ẹ bá mi kí bàbá.

Màmá Páálí
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kí ẹ tó tú ká. Ẹ̀gbà idẹ kan lọ́dọ̀ wa ń yọ lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé. Mo nù ún nù lóṣù tó kọjá, ó ti padà.

Àlàbí Àpáàdì
Àrùn idẹ ni. Iyọ̀ ilẹ̀ tó ti wọ̀ ọ́ lára ló ń bá ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ má fomi kàn án rárá. Ẹ gbé e sínú ike tó dé pinpin, ẹ fi silica gel sí i, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kí ẹ wá pe ẹni tó mọ ìtọ́jú irin.

Màmá Páálí
Silica gel, ṣé àwọn àpò kéékèèké inú páálí bàtà?

Àlàbí Àpáàdì
Irú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ti inú páálí bàtà ti mumi yó kó tó dọ́wọ́ yín. Ẹ ra tuntun.

Màmá Páálí
Àpò ara mi náà nìyẹn.

Ìyá Rẹ́jísítà
Kọ́pàTẹ́lẹ̀, ọ̀kan kù tí mo fẹ́ bi ọ́. Àpòòwé tó o kó gbogbo bébà yẹn sí, níbo ló wà báyìí?

Kọ́pàTẹ́lẹ̀
Ó wà nínú páálí kẹrin, Màmá. Mo fi lébẹ́ẹ̀lì sí i lára.

Ìyá Rẹ́jísítà
Kí lo kọ sí i?

Kọ́pàTẹ́lẹ̀
Oríṣiríṣi.